Ẹ̀fọ́rí Ọjọ́ Aṣọ Funfun

Orí ń fọ́ gbogbo wọn nínú ilé alágbàfọ̀. Orí ta ló ń fọ́ jù ni wọ́n fi ń jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, baba ní tòun ni, nítorí òun ni olórí ilé. Ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ ni, tòun ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn ọrùn. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò bá wọn du ipò kankan. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé iwájú orí lé orúnkún, ó ń dúró kí àwọn àgbà parí ìdíje wọn.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, dìde," ni baba wí. "Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì kò ní lọ ara rẹ̀."

"Bàbá, ojú mi ń ṣe bàìbàì."

"Ojú ta ni kì í ṣe bàìbàì? Wọ awò rẹ."

Awò dúdú ni, irú èyí tí àwọn olówó fi ń gbafẹ́ lójú oòrùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ló ní tirẹ̀. Ìyá ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọjọ́ aṣọ funfun ni ẹ̀fọ́rí ń wá. Ní ọjọ́ aṣọ aláwọ̀, tí wọ́n ń lọ aṣọ ní fàráńdà níta, ara gbogbo wọn a máa le koko. Àkíyèsí gidi ni, ì bá sì gbà wọ́n bí ó bá tẹ̀ lé e dé òpin. Ṣùgbọ́n ó gbé e lọ bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ta oògùn inú agolo káàkiri, ẹni tí àdúgbò sọ ní Dókítà Alágolo. Dókítà Alágolo gbọ́ ọ, ó mi orí, ó sì ṣàlàyé. Ó ní funfun aṣọ ló ń tàn sí wọn lójú, tó ń gba ojú wọ inú ọpọlọ, tó ń fa gbogbo èròjà kan tí wọ́n ń pè ní magnísíọ̀mù gbẹ nínú ọpọlọ. Ó ta kápúsù fún wọn láti fi dá magnísíọ̀mù padà, ó sì ta awò dúdú fún wọn láti fi dí ọ̀nà tó ń gbà jáde.

Báyìí ni ìdílé náà ṣe di ẹni tó ń lọ aṣọ funfun pẹ̀lú awò dúdú lójú. Wọn kì í ríran dáadáa. Bí wọ́n bá jó aṣọ, wọ́n á ní aṣọ ọ̀hún ti gbó tẹ́lẹ̀.

Yàrá aṣọ funfun wà ní apá ojú títì. Títì náà kò ní ọ̀dà, àwọn típà akóyanrìn kì í sì í sinmi níbẹ̀. Baba ti fi àkísà dí gbogbo etí fèrèsé, ó sì máa ń tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tútù sí abẹ́ ilẹ̀kùn bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí eruku má baà wọlé. Ó ní àyọ́ọ̀nù oníná, ṣùgbọ́n iná kì í dúró, àwọn òtẹ́ẹ̀lì sì fẹ́ràn ìlà tí àyọ́ọ̀nù eléèédú ń fà. Nítorí náà àyọ́ọ̀nù eléèédú mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà, sítóófù ńlá kan sì wà ní igun tí èédú ti ń pọ́n kí wọ́n lè máa bù ú sí i. Ooru ibẹ̀ lè din ẹyin. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá jáde níbẹ̀, o ò lè rí àmì kan lára rẹ̀, ohun tí baba sì fi ń yangàn láyé nìyẹn. "Aṣọ mi kò mọ eruku," ni ó máa ń wí, bí ẹni ń sọ pé ọmọ òun kò mọ olè jíjà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì tí ilé wọn fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ yọ orí wọlé pẹ̀lú àwo búrẹ́dì.

"Ṣé ẹ̀fọ́rí tún ti dé?"

"Kò lọ," ni ìyá dáhùn.

"Mo ti sọ fún yín. Irun tí wọ́n ń di fún ọmọ yìí ló le jù. Ó ń fa awọ orí."

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó ti gé irun."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo orí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáadáa. "Ẹ ò rí i báyìí? Atẹ́gùn ti ń wọ ibẹ̀."

Kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí Dókítà Alágolo fi dé, tó páàkì mọ́tò rẹ̀ kékeré sí iwájú ilé. Agolo ló kún ẹ̀yìn mọ́tò náà dé òrùlé. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jókòó síwájú oúnjẹ àárọ̀ tí wọn kò pè é sí. Ó ní ẹyin kò dára fún ẹlẹ́fọ́rí rárá, ó sì bá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ń jẹun lọ, "magnísíọ̀mù nìkan kò tó mọ́. Ọ̀rọ̀ yín ti kọjá ibẹ̀. Òróró ẹja ló kàn. Ẹja inú òkun tó tutù."

"Kí ni ẹja mọ̀ nípa ẹ̀fọ́rí?" ni baba béèrè.

"Ẹ ti rí ẹja tó gbá orí mú rí?"

"Ọwọ́ wo ni yóò fi gbá a mú?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín débi pé àwo búrẹ́dì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà Alágolo kò bínú. Oníṣòwò tó ń bínú kì í tà. Ó ṣí agolo, ó ka kápúsù sí àtẹ́lẹwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ náà sì gbé e mì pẹ̀lú omi, torí òun ni àdánwò máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lórí nínú ilé náà. Lẹ́yìn náà ó wọ awò rẹ̀, ó wọ inú yàrá lọ. Baba àti ìyá tẹ̀ lé e wọlé, baba sì tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ilẹ̀kùn.

Aṣọ orí tábìlì ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú, ìyá mú àpò ìrọ̀rí, baba mú ṣíìtì. Ìrọ̀lẹ́ ni awakọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀, wọn kò sì tíì dé ìdajì. Bí oòrùn ṣe ń gòkè ni orí ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan, ó di etí tábìlì mú kí ilẹ̀ dẹ́kun yíyí, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ.

Òórùn jíjó ló kọ́kọ́ kàn wọ́n.

"Ta ló ń jó aṣọ?" Baba gbé awò sókè. Àyọ́ọ̀nù Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sójú kan lórí aṣọ tábìlì, èéfín ń rú lábẹ́ rẹ̀. "Pẹ́lẹ́ńgẹ́! Aṣọ èèyàn nìyẹn! Ṣé oorun lò ń sùn ni?"

Ó já àyọ́ọ̀nù gbà. Ìgbà yẹn ló tó wo ojú ọmọ náà. Ojú ti yí padà, ẹnu ti wọ́ sápá kan. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣubú bí igi, gìrì mú un nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá ẹsẹ̀ tábìlì.

Ìyá lọgun. Baba náà lọgun, ṣùgbọ́n ohun tó pariwo rẹ̀ ni, "Ẹ gbé e jáde! Ẹ gbé e jáde kó má fa aṣọ wálẹ̀!"

Nítorí aṣọ ni wọ́n ṣe gbé e jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ okùn ìsáṣọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì dé pẹ̀lú ṣíbí, ó fi há a léyín, ó sì ń kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn. "Ẹ má fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀ o! Bí ó bá jẹ́ wárápá ni, á ran yín."

"Ta ló ní wárápá?" ni ìyá jágbe mọ́ ọn. "Ẹnu rẹ ló máa ní in!"

Dókítà Alágolo já kápúsù òróró ẹja sí méjì, ó fi ìka pa á mọ́ ọmọ náà ní erìgì. Ara Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọlẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, ó la ojú, ó ń wo àwọn aṣọ tó ń fẹ́ lókè orí rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí aṣọ jẹ́.

"Ẹ rí i!" Dókítà Alágolo bọ́ sáàárín èrò. "Ẹ fi ojú ara yín rí i! Kápúsù kan péré!"

Atẹ́gùn ẹ̀yìnkùlé tó ṣe iṣẹ́ náà kò ní agolo, ẹnikẹ́ni kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ra agolo kan lójú ẹsẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó máa ń kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá fọ̀ lọ́dọ̀ wọn ṣe bá wọn. Aṣọ rẹ̀ ló fẹ́ mú kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ya ènìyàn sọ́tùn-ún sósì, ó yọ ṣíbí kúrò lẹ́nu ọmọ, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́.

"Ta ló ki irin bọ ọmọ lẹ́nu?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, gìrì ni," ni ìyá wí. "Ẹ̀fọ́rí ló kọ́kọ́ máa ń ṣe é. Gbogbo wa ló ń ṣe. Ọjọ́ aṣọ funfun nìkan ni."

"Gbogbo yín? Níbo lẹ ti ń lọ aṣọ funfun?"

Wọ́n nawọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì jáde kíákíá tó fi apá bo imú, bí ẹni tí wọ́n lé.

"Bàbá, ta lẹ fẹ́ pa?"

"Kí ló dé?"

"Èédú lẹ ń jó nínú yàrá tó pa dé! Afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára rẹ̀ tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀fọ́rí ló ń kọ́kọ́ fà, gìrì ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó wá ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé yìí nísinsìnyí, kí ẹ sì gbé ọmọ yìí wá sí ọsibítù."

Baba rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọkùnrin tí wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ ara rẹ̀. "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń lọ aṣọ. Bí èédú bá ń pa èèyàn, ṣé èmi kọ́ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ ti ń ta gọ́ọ́gọ́ lójú mi yìí."

"Ebi ni."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ni Dókítà Alágolo dá sí i pẹ̀lú ẹ̀rín, "ẹ ní kò lóòórùn, kò láwọ̀. Báwo lẹ ṣe wá rí i?"

Àwọn tó dúró wòran rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì yíjú sí i.

"Ìwọ ń kọ́? Ṣé o ti rí magnísíọ̀mù?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára agolo."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Baba ti wọlé, ó ti gbé aṣọ nọ́ọ̀sì jáde lórí ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé eruku wà lára rẹ̀?"

"Kò sí."

"Iṣẹ́ fèrèsé nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì gba aṣọ. Ó sún mọ́ ìyá, ó sọ sí i létí. "Ẹ gbé e tẹ̀ lé mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ kò bá sì tíì ṣe tán, ẹ má jẹ́ kó padà wọ ibẹ̀. Ẹ gbọ́ mi?" Ìyá ní òun gbọ́. Ó ní bí oúnjẹ bá ti wọ inú rẹ̀ tán, àwọn ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì kò tíì dé kọ́nà tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo ń ṣí fèrèsé."

"Ṣí i, kí o sì sọ fún òtẹ́ẹ̀lì pé nọ́ọ̀sì ló ní kí wọ́n sùn nínú yẹ̀pẹ̀."

Ó ṣí i. Ó fa àkísà yọ, ó ti fèrèsé síta gbàgà. Ó ṣe kòńgẹ́ pé típà méjì ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eruku pupa wọlé bí àlejò tí wọ́n ti ń retí tipẹ́, ó bà lé gbogbo àpò ìrọ̀rí tí ìyá lọ̀ láti àárọ̀. Baba súnmọ́ tábìlì. Ó mú ọ̀kan níbẹ̀, ó nà án sí i. Ìka rẹ̀ fa ìlà sára rẹ̀.

"Tún un fọ̀," ló sọ. Ó ti fèrèsé, ó dá àkísà padà.

Ìyá kó àpò ìrọ̀rí, ó lọ sídìí omi. Ó lè bá a jà sí i. Ó lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù bí wọ́n ṣe sọ fún un. Ó po ọṣẹ.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, wọ́n jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà ní fàráńdà. Dókítà Alágolo jẹ, ó nà gbalaja sórí ẹní, ó sùn. Ojú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wálẹ̀. Ó jẹ díẹ̀, ó ń wo aṣọ tábìlì tó jó, tí wọ́n fi kọ́ ara ìkọ́ bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀.

"Bàbá, ẹ máà bínú. Ẹ̀fọ́rí náà ti lọ. Ó dà bíi pé kápúsù yẹn ṣiṣẹ́."

"Ìyẹn dáa."

"Ó ku mélòó?"

"Ó ku púpọ̀."

Ó dìde, ó mú awò rẹ̀. Baba rí i. Ó ń fi ẹnu ṣíbí ko èyí tó kù nínú àwo rẹ̀. Kò ní kó wọlé. Kò sì ní kó má wọlé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ti pa dé, ó fi ẹsẹ̀ ti táwẹ́ẹ̀lì sí ààyè rẹ̀.

Ìyá parí àpò ìrọ̀rí, ó sá wọn sórí okùn, ó nu ọwọ́. "Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dà?"

Baba wo ilẹ̀kùn.

"Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo ní ọmọ mi dà?"

Wọ́n jọ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n baba ló kọ́kọ́ wọlé. Ọmọ náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóófù. Kò gbọ̀n, kò tapá, kò tasẹ̀. Ìyẹn ló burú jù. Awò ṣì wà lójú rẹ̀. Baba gbá a mú lábẹ́ apá, ó ń fà á, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ń yẹ̀, ó fi èjìká lu tábìlì, gbogbo ṣíìtì sì wó lulẹ̀. Ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ jáde. Kò wẹ̀yìn.

"Mọ́tò!" ni ìyá kígbe. "Dókítà! Jí! Mọ́tò!"

Dókítà Alágolo fò dìde. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò ṣí, kò sì sí ibi tí wọn yóò tẹ́ ẹni sí. Agolo ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n síta, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì. Agolo ń yí lójú títì, ìdérí ń ṣí, kápúsù ń fọ́n ká.

"Àǹtí mi, ẹ rọra! Ọjà ni!"

Ìyá gbójú sókè, ó wò ó. Dókítà Alágolo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jù wọ́n.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan tó kéré lọ́jọ́ orí fi ìbomú bo imú àti ẹnu Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ṣí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i. Nọ́ọ̀sì tiwọn náà ló dúró ní apá kejì ibùsùn, ó ti wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ fún un. Ó mọ̀ wọ́n.

"Oògùn wo ló ń lò?" ni dókítà béèrè.

Ìbéèrè tí Dókítà Alágolo ti ń dúró dè láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyí. Ó ka magnísíọ̀mù, ó ka òróró ẹja, ó ka fítámì, ó ka èyí tí wọ́n fi gbòǹgbò ṣe àti èyí tí wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Dókítà jẹ́ kó kà á tán.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Baba ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá dúró kí ọkọ òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Ó dúró pẹ́.

"Alágbàfọ̀ ni wá," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Èédú la fi ń lọ aṣọ. A máa ń ti fèrèsé. Nọ́ọ̀sì yìí sọ fún wa láàárọ̀ pé kí a ṣí i."

Dókítà wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń tún okùn ìbomú ṣe.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n gba ti ìyá, wọ́n gba ti baba. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó yè, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ohun tí yóò kù nínú ọpọlọ. Ó lè máa gbàgbé nǹkan. Gìrì lè máa padà wá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọn yóò tó mọ̀.

"Ọ́síjìn yẹn á yára ṣiṣẹ́," ni Dókítà Alágolo ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "torí òróró ẹja ti là á lọ́nà sílẹ̀."

"Jáde," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Àǹtí mi, mo kàn ní..."

"Jáde kí n tó bọ́ bàtà."

Ó jáde.

Ó pẹ́ kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó la ojú. Ojú rẹ̀ lọ sára ìyá, ó kọjá, ó dúró lára baba. Ẹnu rẹ̀ ń mì lábẹ́ ìbomú. Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ọ.

"Bàbá... ṣé wọ́n ti wá kó aṣọ òtẹ́ẹ̀lì?"

Baba nàró. Ó wo ògiri. Kò sí nǹkan kan lára ògiri náà.

"Lọ sílé," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò gbé ohùn sókè. "Lọ lọ aṣọ rẹ. Èmi wà níbí."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Ìyá Oníbúrẹ́dì bi í pé báwo lara ọmọ, ó kọjá lára rẹ̀. Ó wọ inú yàrá, ó gbé tábìlì. Tábìlì náà wúwo, ẹni méjì ló máa ń gbé e. Ó wọ́ ọ kọjá fàráńdà, ó gbé e sí etí títì gan-an. Ó gbé sítóófù síta, ó kó àwọn ṣíìtì tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ jáde. Ó yọ àwọn tó ní ipa ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìyókù níwájú gbogbo ayé, láìwọ awò. Típà kọjá. Eruku rú, ó bà. Ó ń lọ eruku náà mọ́ ọn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí awakọ̀ òtẹ́ẹ̀lì dé. Ó mú ṣíìtì tó wà lókè pátápátá, ó gbé e súnmọ́ iná mọ́tò.

"Bàbá, kí lèyí? Eruku ló wà lára rẹ̀ yìí."

"Mo rí i."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ní aṣọ yín kò mọ eruku?"

"Gbọ̀n ọ́n."

Awakọ̀ náà rò pé àwàdà ni. Ó dúró kí baba rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, ó gbọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀méjì, ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

"Ọ̀gá mi á wá alágbàfọ̀ mìíràn o."

"Kó wá a," ni baba wí, ó ń fẹ́ èédú. "Kó wá ẹni tí ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."